Ètò ojú ìtàgé àti aṣọ fún eré apanilẹ́rìn-ín tó ní àdììtú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ-Ìtàgé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan ní Ìbàdàn ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n sì gbé ètò ojú ìtàgé àti aṣọ lé lọ́wọ́ fún eré tuntun tí a fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, àmọ́ àdììtú ló wà nídìí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn olóyè kan pòórá ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò mọ́ bá ìwúyè, gbogbo ẹbí tó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà sì di ẹni ìfura. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ni wọ́n pè láti wádìí ọ̀rọ̀. Pálọ̀ kan ṣoṣo nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ìran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wáyé, pálọ̀ náà sì ní ìlẹ̀kùn mẹ́ta, fèrèsé kan, àti àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Ojú ìtàgé wa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ó jìn tó 16, gbọ̀ngàn náà sì gba nǹkan bí 300 ènìyàn.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni pé nígbà tí a dán ìlẹ̀kùn wò pẹ̀lú pákó tí a ní, gbogbo ògiri ló ń mì. Èkejì ni aṣọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà: olùdarí wa fẹ́ kí a fi táì ńlá, ìgò ojú ràgàjì àti ṣòkòtò péńpé wọ̀ ọ́ bí ìmúra Bàbá Sàlá, èmi kò sì mọ̀ bóyá ó bá eré yìí mu. Ẹ̀kẹta ló le jù. Òǹkọ̀wé wa ní kí wọ́n rí ìrépé aṣọ kan tó há sí ọwọ́ ìlẹ̀kùn yàrá olóyè, àmọ́ aṣọ ẹbí kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń gbé ìrépé náà kiri láti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì, ó sì ń bá ti gbogbo wọn mu. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín púpọ̀ nígbà tí a kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìparí, olè náà kàn jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó fà á. Mo ń wá ohun tí aṣọ tàbí ojú ìtàgé lè ṣe tí àwọn òǹwòran yóò fi gbà pé ẹ̀rí ti wà níwájú àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà-Ìtàgé

Mo kí yín o. Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, mo sì ti kan ojú ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré tó pọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn, nítorí nínú eré tó kún fún wíwọlé àti jíjáde, kò sí òṣèré tó ń ṣiṣẹ́ tó ìlẹ̀kùn. Lọ́dún kan, mo kan ìlẹ̀kùn mọ́ ara ògiri aláṣọ tààrà. Nígbà tí ìyàwó ilé fi ìbínú tì í, ògiri mì tìtì, àwòrán bàbá àgbà já bọ́ lára rẹ̀, àwọn òǹwòran sì bú sẹ́rìn-ín. Ìran ọ̀fọ̀ ni ìran ọ̀hún.

Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà náà ni mo fura pé ẹ̀yin náà ń ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí férémù ìlẹ̀kùn gbára lé ògiri rárá. Igi tó nípọn ni kí ẹ fi kan férémù náà, kí ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí ẹ fi igi onígun mẹ́ta tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé àpò yanrìn méjì lé ìdí igi náà. Ògiri, tí ẹ ó fi igi tí a ń pè ní tú-báì-tú kàn, tí ẹ ó sì na aṣọ òwú bò, yóò wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ férémù náà láìfara kàn án. Ẹ fi àlàfo tó tó ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara férémù láti fi bo àlàfo náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn nínú ilé gidi. Wọ́n lè fi gbogbo agbára ti ìlẹ̀kùn náà, ògiri kò ní mọ̀.

Ní ti àgbékọ́ ìlẹ̀kùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, apá ẹ̀yìn ni kí ẹ kàn án sí, kí ìlẹ̀kùn sì máa ṣí síta. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ojú òṣèré ni àwọn òǹwòran yóò kọ́kọ́ rí bó bá ń wọlé, ìlẹ̀kùn kò sì ní gba àyè lára pálọ̀ yín tí kò tóbi. Ẹ gbé aṣọ dúdú tàbí ògiri kékeré sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó jókòó ní ìpẹ̀kun ìlà àkọ́kọ́ má baà máa wo àwọn òṣèré tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn ìtàgé. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ lọ jókòó sí àwọn ìjókòó ìpẹ̀kun yẹn kí ẹ tó kan ìṣó tó kẹ́yìn.

Nǹkan méjì kan kù. Bí ẹnì kan bá wọ agbádá nínú eré yín, ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ kò tó o. Ẹ jẹ́ kí ó tó mẹ́ta ààbọ̀. Àtẹ̀gùn náà kò sì gbọdọ̀ ga: íǹsì mẹ́fà ni kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́, nítorí obìnrin tó ró ìró dáadáa kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ láìfi ọwọ́ gbá ìró náà mú.

Ìyá Aránṣọ

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ìrépé aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ohun tí o ń wá wà lẹ́yìn aṣọ náà gan-an. Mo ní lẹ́yìn rẹ̀.

Irú aṣọ wo ni aṣọ ẹbí ọ̀hún? Bí o bá lè jẹ́ kí ó jẹ́ àǹkárá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àǹkárá gidi tí wọ́n fi ìda ṣe iṣẹ́ sí lára, tọ̀tún tòsì ni aró máa ń gbà, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó jẹ́ pọ́ọ́kú, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ iṣẹ́ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa funfun ràúràú. Gbogbo wa la mọ ẹni tí kì í fẹ́ san owó aṣọ ẹbí. Yóò ní òun ti san, yóò wá gba ọjà lọ, yóò wá èyí tó fara jọ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ayẹyẹ yóò fi parí. Jẹ́ kí olè yín jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò máa gbé ojú ìrépé náà lé ara aṣọ gbogbo ènìyàn, yóò máa bá a mu, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí di ìgbà tí ìrépé náà yóò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì dojú bolẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀ ni pé agbádá ni kí o rán fún olè náà, kí o má sì fi aṣọ kankan tẹ́ inú rẹ̀. Kí ni ẹni tó wọ agbádá máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà? Ó ń ká apá rẹ̀ lé èjìká ni. Ìgbàkígbà tó bá ká a, inú aṣọ náà ni a ń wò. Láti ìran kìíní ni ẹ̀rí ti wà níta gbangba, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi hàn wá, pẹ̀lú ìgbéraga.

Ní ti àwọn tó kù, má ṣe jẹ́ kí aṣọ wọn rí bákan náà ju bó ti yẹ lọ, kí àwọn òǹwòran má baà ṣi ẹnì kan mú fún òmíràn. Ìyáálé ilé, ìró àti bùbá pẹ̀lú ìborùn. Ọmọbìnrin tó ti Èkó dé, gáùn tó fún mọ́ra. Àbúrò ìyàwó, bùbá àti ṣòkòtò. Awakọ̀ kò ní gba ju fìlà lọ, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, kí ó sì máa ráhùn lórí rẹ̀.

Aṣọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńkọ́? Èmi kò fara mọ́ táì ńlá yẹn rárá: òṣèré ni kí ó pa wá lẹ́rìn-ín, kì í ṣe aṣọ rẹ̀.

Ọmọ-Ìtàgé

Ìyá Aránṣọ, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní rí ìdààmú. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún òǹkọ̀wé wa lórí fóònù, ńṣe ló pariwo. Àna olóyè ni olè náà, agbádá ló sì ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń bọ̀ wá wo eré náà, kí ó ṣe bí ẹni pé òun kò ka ibi yìí.) Ọ̀gá Káfíńtà, a ti ń ya férémù kúrò lára ògiri. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí a rà jẹ́ oníbọ́ọ̀lù. Ṣé ìyẹn lè fa aṣọ ya?

Káfíńtà-Ìtàgé

Kò lè fà á. Agbádá á kàn yọ́ lára rẹ̀ ni. Èyí tó gùn gbọọrọ, tí a ń tẹ̀ sílẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó lu ihò rẹ̀, ẹ pe òṣèré yín pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, kí ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wọn ibi tí etí apá agbádá náà dé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìlẹ̀kùn yóò wà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn kí ẹ tó rán aṣọ, ẹ ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Arábìnrin-Peckham

Ẹ kú ìjókòó o. Ibi aṣọ eré ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, mo sì fẹ́ fi ohun kékeré kan kún ọ̀rọ̀ Ìyá wa. Aṣọ tí yóò ya lálaalẹ́ kò gbọdọ̀ ya ní tòótọ́. Ẹ gé igun kan lára apá agbádá náà, kí ẹ sì fi Velcro, ìlẹ̀mọ́ra tó ṣeé fà ṣí, lẹ igun náà padà. Bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn bá fà á, ariwo tí Velcro ń ṣe bí ó bá ń ṣí dà bí ìgbà tí aṣọ ń ya gan-an, àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn yóò sì gbọ́ ọ. Ẹ tú òwú etí rẹ̀ díẹ̀, kí ó rí jáganjàgan. Ìrépé tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń gbé kiri, ẹ gé e tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, bí èyí tó ya kò bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni yóò rí i.

Oníná

Kí ẹ tó náwó sórí àǹkárá, ẹ ra yáàdì kan péré, kí ẹ gbé e lọ sábẹ́ iná tí ẹ ó lò. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹtù wọ bàbá, tí wọ́n fi aṣọ dúdú wọ ọmọ, tí wọ́n wá tan iná aláwọ̀ ìyeyè lé wọn lórí, tí àwọn méjèèjì sì di dúdú kan náà. Iná ìyeyè kò ní búlúù nínú, nítorí náà aṣọ aláró kò rí ohun tí yóò dá padà sí ojú wa. Bí iná pálọ̀ yín yóò bá rí bíi ti gílóòbù àtijọ́, àǹkárá tí pupa àti ìyeyè pọ̀ lára rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ̀yìn funfun tí Ìyá Aránṣọ sọ yìí yóò tàn ju bí ẹ ti rò lọ. Funfun lábẹ́ iná ìtàgé máa ń gba ojú lọ́wọ́ gbogbo ohun tó kù, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ká agbádá ni gbogbo ilé yóò sì mọ̀ ní olè. Ẹ se omi tíì, kí ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì sá a. Funfun rẹ̀ yóò wálẹ̀, àmọ́ yóò ṣì yàtọ̀ sí ojú aṣọ.

Ọmọ Ológbojò

Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá Aránṣọ jiyàn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ táì ńlá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kì í kàn wọ aṣọ yẹn láti fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lásán. Ìmúra kan náà ló ń gbé kiri láti eré dé eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí ó tó la ẹnu, àwọn ènìyàn ti mọ irú ẹni tó dé: ahun tó fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú ọlọ́lá wo òun. Aṣọ náà ti sọ ìtàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro láti yá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lò, nítorí ẹni tó ni ín ni àwọn òǹwòran yóò máa rántí, wọ́n kò sì ní rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín rárá. Níbi yìí ni mo ti gbà pẹ̀lú Ìyá.

Ibi tí mo ti yapa ni pé mi ò gbà pé kí aṣọ má pani lẹ́rìn-ín. Ní 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré àwọn aláré níwájú ààfin Aláàfin Májọ̀tú ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú àpò ni àwọn òṣèré kan wà, pé wọ́n ṣe ejò erè ńlá kan, àti pé ẹni tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ ni òyìnbó: funfun báláú, tó gbẹ, tó ń ṣe bí ẹni ń fín áṣáà, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tó sì ń rọra tẹlẹ̀ bí òyìnbó tí kò mọ ẹsẹ̀ lásán rìn. Àwọn tó ń wò ó rẹ́rìn-ín gidigidi, wọ́n sì ń yíjú wo Clapperton fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó rí i. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí wọ́n rí lára òyìnbó gan-an ni wọ́n ṣe. Ẹ wo ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò yín dáadáa, ẹ ó rí aṣọ tí yóò pa wá lẹ́rìn-ín lára rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ

Ọmọ Ológbojò, o sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti wíwò ni, mo lè fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó wọ kóòtù kan tí wọ́n rán fún un dáadáa nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ikùn rẹ̀ ti wá dàgbà kọjá. Bọ́tìnnì òkè yóò dé, ti ìsàlẹ̀ kò ní dé, ó sì ti fi pín-ìnì kan dí i. Kí àwọn àpò rẹ̀ wú fún ìwé. Èmi kò ní fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ológbojò

Ìgò ojú ńkọ́, mà? Ẹ ní kò ríran dáadáa.

Ìyá Aránṣọ

Ìgò ojú lásán, tó mọ níwọ̀n.

Oníná

Kí ẹ sì yọ gíláàsì inú rẹ̀, nítorí iná yóò máa kọ mànà lára rẹ̀, a kò sì ní rí ojú òṣèré. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó ti ìka bọ inú férémù náà nu ojú rẹ̀ ní ìran tó kẹ́yìn.

Ìyá Aránṣọ

Mi ò fẹ́ ìyẹn. Ṣé ẹni tí kò ní gíláàsì lójú ló fẹ́ tú àdììtú? Yóò ba ohun tí a ti kọ́ jẹ́.

Ọmọ Ológbojò

Èmi fẹ́ ẹ ní tèmi. Kí olùdarí dá a.

Àkókò-Nílé-Àgbà

Òǹwòran lásán ni mí, àmọ́ inú irú pálọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ni mo dàgbà sí, n kò sì tíì rí ẹni tó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán olóyè àti ti ìyá rẹ̀ a wà lókè ògiri, wọ́n á sì dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ àwọn tó jókòó. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọdún wọn ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ kúrò. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí abọ́ inú rẹ̀ kì í jáde àfi bí àlejò bá dé. Aṣọ tí wọ́n fi kóróṣé ṣe lórí ẹ̀yìn àga. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tiwa, kò sí ìlẹ̀kùn. Kọ́tìnnì onílẹ̀kẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn okùn ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà tó ń dún ṣàràṣàrà bí ènìyàn bá gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè mi nìyí: níbo ni olè náà fi iyùn pamọ́ sí? Bí wọ́n bá lè fi ìrépé aṣọ pamọ́ sáàárín aṣọ ẹbí, ṣé a kò lè so okùn iyùn mọ́ àárín okùn ìlẹ̀kẹ̀?

Káfíńtà-Ìtàgé

Áà! Ẹ ti gba owó ìlẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún wọn, ẹ sì ti wá ibi ìpamọ́ fún olè. Igi kan lókè àti òpó méjì ló gbà. Ẹ gbé e sí ibi tí gbogbo ilé ti lè rí i, kí ẹ má fi sí igun.

Arábìnrin-Peckham

Ó dára gan-an, àmọ́ ta ni yóò so iyùn olóyè mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá? Èmi kò gbà pé olè yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkókò-Nílé-Àgbà

Ẹni tí kò san owó aṣọ ẹbí, tó sì ń ká agbádá lé èjìká níwájú gbogbo ẹbí, yóò ṣe é.

Oníná

Ẹ jẹ́ kí púpọ̀ nínú okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́ funfun àti búlúù, kí pupa díẹ̀ wà láàárín wọn. Lábẹ́ iná pálọ̀, okùn iyùn yóò dà bí ọ̀kan lára àwọn pupa tó kù. Ṣé iná mànàmáná kò ní lọ nínú eré yín? Bí ó bá lọ ní ìran kẹta, tí mo sì fi iná búlúù ṣe òkùnkùn, pupa yóò di dúdú, okùn iyùn tó nípọn ju ìyókù lọ yóò sì yọ gedegbe bí ìlà dúdú kan láàárín àwọn funfun. Ẹni tó bá lójú yóò rí i níbẹ̀ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó rí i.

Ọmọ-Ìtàgé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. A ti ṣe gbogbo rẹ̀, a sì fi aṣọ àti iná dán eré náà wò lánàá níwájú ogún ènìyàn tí a pè. Ìlẹ̀kùn kò mì mọ́. Iyùn orí kọ́tìnnì, ẹnì méjì péré ló rí i nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń fi ìgúnpá gbún ara wọn títí eré fi parí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ kóòtù tí Ìyá Aránṣọ júwe. Olùdarí ti gbé ọ̀rọ̀ ìka nínú ìgò ojú tì.

Wàhálà kan ṣoṣo tó kù ni agbádá náà. Òṣèré wa ti fẹ́ràn kíká apá rẹ̀ jù, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo kà ní ìran kìíní nìkan. Ìyá kan tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, tó dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Aṣọ èyí kọ́ ni wọ́n pín." A kò tíì pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé nígbà náà.

Ìyá Aránṣọ

Jẹ́ kí ó ká a lẹ́ẹ̀mejì péré ní ìran kìíní, kí ó jẹ́ ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín ní apá kejì ìtàgé. Kí o sì tún rẹ aṣọ náà sínú tíì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìrépé mélòó lo gé?

Ọmọ-Ìtàgé

Mẹ́rin, mà. Alẹ́ mẹ́ta ni a ó fi ṣe eré náà.

Ìyá Aránṣọ

Gé mẹ́ta sí i. Wọ́n á sọ wọ́n nù.